Iyán Tí Kò Sọ̀kalẹ̀: Ogójì Ọdún Mi Nídìí Oògùn Àyà Títa

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, wọn yóò ti okùn kan tó ní iná àti kámẹ́rà lórí gba ẹnu mi wọlé, títí dé inú, láti wo ìdí tí oúnjẹ fi ń há sí mi láyà. Ilé ìwòsàn ní Párákù ni wọ́n ti máa ṣe é. Ẹ̀rù ń bà mí, n kò ní parọ́ fún yín. Mo mọ ohun tí oúnjẹ tó ń há lè jẹ́, nítorí mo ti rí i lára ọkùnrin kan rí. Ọkùnrin náà kú, wọ́n sì ní èmi ni mo pa á. Kí n tó lọ, mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ mi sílẹ̀ bó ṣe rí, kì í ṣe bí àwọn kan ṣe ń sọ ọ́ káàkiri ní Savalou.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá sí ẹ̀yìnkùlé mi ní Bantè, tí ẹ ń béèrè bóyá iṣẹ́ fámásì, ilé ìtajà oògùn, yẹ ní ṣíṣe, ẹ̀yin ni mo ń kọ ọ́ fún. Owó oṣù rẹ̀ ń bọ́ ènìyàn, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò gùn ní sísọ: mo ṣe tán ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo mọ Faransé kọ, mo ń sọ Ìṣà tiwa, mo sì gbọ́ Mahi ti àwọn ará Savalou. Ní fámásì kan ní Savalou, wọ́n ń wá ẹni tó gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo wọlé ní ọmọ ogún ọdún, mo jáde ní ọmọ ọdún méjìlélọ́gọ́ta.

Ẹni tó ni fámásì náà ni Madáàmù Lúsì, obìnrin gíga kan láti ìhà etíkun, tí kì í rẹ́rìn-ín, tí kì í sì í jókòó lẹ́nu iṣẹ́. Ohun àkọ́kọ́ tó kọ́ mi ni pé ọwọ́ mi kò gbọdọ̀ kan pẹpẹ oògùn kí ẹnu mi tó béèrè ọ̀rọ̀. Bí aláìsàn bá wọlé, tó ní àyà ń ta òun, tí mo bá ti yíjú sí pẹpẹ báyìí, á ní kí n bọ́ ẹ̀wù funfun mi, kí n lọ máa fọ ìgò lẹ́yìn ilé títí di ìrọ̀lẹ́. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ìgò tí mo fọ̀ pọ̀ ju oògùn tí mo tà lọ.

Ìwé pélébé tó máa ń wà nínú páálí oògùn, ó ní kí n máa kà á sókè ní Faransé, kí n sì tún un sọ ní Ìṣà, bí ẹni pé ìyá arúgbó kan láti Atokoligbé ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́ Ìṣà rárá. Ojú mi ló máa ń wò. Ó ní bí mo bá ti ń wá ọ̀rọ̀ kiri, ohun tí mo kà kò tíì yé mi nìyẹn.

"Róòsì," á ní, "ṣé ìyá yẹn á lè tún un sọ fún ọmọ rẹ̀ nílé?"

"Á lè sọ ọ́, Madáàmù."

"Irọ́ ni. Tún un bẹ̀rẹ̀ láti òkè."

Mo kórìíra rẹ̀ nígbà náà. Nígbà tó yá, mo kórìíra rẹ̀ fún ohun mìíràn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe tẹ̀lé ara.

Inú wa ń ṣe omi kíkan tó fi ń lọ oúnjẹ. Láàárín ọ̀nà ọ̀fun àti àpò oúnjẹ, ẹnu ọ̀nà kan wà tó yẹ kó máa pa dé lẹ́yìn oúnjẹ. Bí kò bá pa dé dáadáa, omi kíkan náà á máa gòkè, á sì máa jó ọ̀nà ọ̀fun. Lọ́dọ̀ wa níbí, àgbẹ̀ á ti oko dé, á jẹ iyán ràbàtà, á sì na ẹ̀yìn sórí ẹní lójú ẹsẹ̀. Ilé tí kò mọ àyà títa kò pọ̀ láàárín Bantè sí Savalou.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, omi funfun inú ìgò tó dà bíi wàrà la ń tà, àti hóró funfun tí wọ́n ń rún lẹ́nu. Ibi tí omi kíkan náà bá wà ni wọ́n ti ń bá a, wọ́n á pa kíkan rẹ̀, ara á sì tu ènìyàn kó tó fi ilé ìtajà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bíi wákàtí méjì péré, iná á tún ràn. Òmíràn ń mú ìgbẹ́ ṣàn, òmíràn ń mú un le. Bí ènìyàn bá sì lò ó pọ̀ mọ́ oògùn mìíràn lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè dá oògùn yẹn dúró kó má ṣiṣẹ́. Àwọn àgbẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Mo rí ẹni tó so ìgò rẹ̀ mọ́ ọwọ́ alùpùpù, tó ń mu ún lọ́nà bíi omi.

Lẹ́yìn náà ni simetidíìnì dé. Òun kì í pa omi kíkan tó ti wà nílẹ̀. Ó ń sọ fún inú pé kó má ṣe púpọ̀ mọ́. Kì í yá bíi ti ìgò funfun, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ lára. Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń bá oògùn mìíràn jà. Ọmọbìnrin kan tó ń lo oògùn wárápá mu ún, òòyì sì gbé e ṣubú níwájú ilé wa. Láti ọjọ́ náà ni Madáàmù Lúsì ti ní kí a máa ní kí aláìsàn kó gbogbo oògùn tó ń lò sórí tábìlì kí a tó dáhùn. Ìgbà náà la rí i pé ìdajì àwọn tí àyà ń ta ló ń gbé oògùn ara ríro mì lójoojúmọ́ nítorí ebè kíkọ. Oògùn ara ríro yẹn gan-an ló ń bó inú wọn.

Ranitidíìnì ló tẹ̀lé e, ọmọ ilé kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n òun kì í jà tó bẹ́ẹ̀. Ó dára fún ẹni tí àyà ń ta nígbà tó bá dùbúlẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn kan á padà wá, wọ́n á ní agbára rẹ̀ ti dín kù, òótọ́ ni wọ́n sì ń sọ. Nígbà tó kù díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì, ìwé ti òkè wá pé kí a kó gbogbo rẹ̀ kúrò lórí pẹpẹ, nítorí ohun tí kò dára kan tí wọ́n rí nínú rẹ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kó o sínú páálí. Mo ronú nípa gbogbo ẹnu tí mo ti fi í sí.

Omeprasọ́ọ̀lù, jélù kékeré tí hóró funfun wà nínú awọ rẹ̀, ló wá lé gbogbo wọn sẹ́yìn. Ó ń ti ojú ihò tí omi kíkan ti ń jáde gan-an. Fún ọ̀nà ọ̀fun tó ti bó, kò sí èyí tó tó o nínú àwọn tó ṣáájú. Ṣùgbọ́n kì í yára: ó lè gba ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ènìyàn tó mọ̀ pé òun lo nǹkan. Ẹni tó ti ń lò ó tipẹ́ tó bá dá a dúró lójijì, omi kíkan á tú jáde lé e lórí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fún ìgbà díẹ̀. A kì í rún hóró inú rẹ̀. Obìnrin kan wà tó jẹ́ ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, kò fẹ́ awọ jélù náà nítorí àwọ̀ rẹ̀ dúdú, ó máa ń ṣí i, á da awọ nù, á sì rún hóró funfun bíi iyọ̀. Ó ní ohun funfun nìkan lòún ń jẹ. Mo ní kó dà á sórí ṣíbí àkàsà tútù, kó gbé e mì láìrún un. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ sì yá.

Ẹ fi eléyìí sọ́kàn: kò sí ọ̀kan nínú àwọn oògùn wọ̀nyí tó ń ti ẹnu ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ yẹn. Ohun tó ń gòkè ṣì ń gòkè. Wọ́n kàn ń mú kó má jó ni mọ́.

Bí omeprasọ́ọ̀lù ṣe dé, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá pé kò ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án. A ti sọ fún wọn pé kí wọ́n lò ó ní ìdajì wákàtí kí wọ́n tó jẹun, nítorí oúnjẹ ló ń jí ojú ihò yẹn. Àwọn dókítà ń sọ ọ́ di méjì méjì fún wọn. Èmi ni mo béèrè lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan láti Koko pé ìgbà wo ló ń lò ó gan-an. Ó ní ìrọ̀lẹ́, kí iyán tó dé. Mo ní kí ló jẹ láàárọ̀. Ó ní òun kò jẹun láàárọ̀. Mo ní kò sí nǹkan kan tó kan ẹnu rẹ̀? Ó ní ó mu ògì, ó jẹ àkàrà, ó sì jẹ iṣu sísè lóko ní ọ̀sán. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí kò bá tíì jẹ iyán kò tíì jẹun. Mo yí ìbéèrè náà padà: láti ọjọ́ náà, mo ń bi wọ́n pé kí ni ohun àkọ́kọ́ tó ń wọ ẹnu wọn lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá mọ́. Ìṣòro yẹn parí láàárín oṣù kan.

Fẹlísì, tí a jọ ń ta oògùn, lọ sọ ọ́ níwájú àwọn dókítà pé òun lòún rí i. Mo wà níbẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti Mẹ̀tírì Bùráímọ̀. Olùkọ́ ni ní Gouka, ọkùnrin aláwàdà tó máa ń fi zẹ́mì wá sí Savalou, ẹ̀yìn alùpùpù ẹlòmíràn, pẹ̀lú bàtà rẹ̀ nínú rọ́bà kí erùpẹ̀ má bà á jẹ́. Ó ti lo gbogbo oògùn tí mo kà sílẹ̀ yìí, láti ìgò funfun títí dé jélù. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ omeprasọ́ọ̀lù, ó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní lẹ́yìn ogún ọdún, àyà òun tutù.

Òfin Madáàmù Lúsì ni pé ẹni tó bá ra oògùn yìí lẹ́ẹ̀mẹta láìsí ìwé dókítà, kí a kọ orúkọ rẹ̀ sínú kàyé, ìwé àkọsílẹ̀ wa, kí a sì rán an lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ṣùgbọ́n Madáàmù ti ń dàgbà, ó ń pẹ́ ní Kútọnù, Fẹlísì ló sì ń mú kọ́kọ́rọ́. Fẹlísì kò fẹ́ kí èrò tò sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ìbéèrè mi ń lé àwọn oníbàárà lọ.

Láàárín ọdún náà ni Mẹ̀tírì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé iyán ilé òun ní kókó. Ó ń há òun láyà. Ó bá Àlímá ìyàwó rẹ̀ wí. Àlímá gún un pẹ́ sí i, ó ṣì ní kókó ni. Wọ́n pààrọ̀ odó. Wọ́n mú ọmọbìnrin mìíràn wá láti gún un, òun náà kò mọ̀ ọ́n gún. Gbogbo Gouka gbọ́ ọ, wọ́n ń fi Àlímá ṣẹ̀fẹ̀ lójú odò, obìnrin tó ti ń gún iyán fún ọkùnrin kan láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ.

Ní ọjọ́ kan, Mẹ̀tírì sọ ọ́ fún Fẹlísì lórí káńtà. Mi ò ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá sí wọn lọ. Fẹlísì bi í pé irú iṣu wo ni wọ́n ń gún. Mẹ̀tírì dárúkọ rẹ̀.

"Ìyẹn kì í ṣe iṣu olùkọ́," Fẹlísì ní. "Ẹ wá lábókò ra. Kí ìyàwó yín sì fi ọbẹ̀ ilá sí i, á yọ̀ lọ fúnra rẹ̀."

Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ́rìn-ín. Mẹ̀tírì náà rẹ́rìn-ín. Fẹlísì fún un ní páálí jélù méjì dípò ọ̀kan, kò sì kọ ọ́ sínú kàyé. Mo rí ìgbànú Mẹ̀tírì bó ṣe ń lọ: ó ti dá ihò tuntun méjì sí i, ṣòkòtò rẹ̀ sì ká jọ lẹ́yìn bí àpò. Madáàmù Lúsì ti kọ́ mi pé ẹni tí àyà ń ta tí oúnjẹ bá ń há, tàbí tó ń rù, tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú, tàbí tó ń bi ẹ̀jẹ̀, kò sí oògùn kankan lórí pẹpẹ wa fún un, kámẹ́rà ni. Mo mọ̀ ọ́n bí orúkọ mi. Ṣùgbọ́n Fẹlísì ló ń dá a lóhùn, èmi àti Fẹlísì kò sì bá ara wa sọ̀rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, nítorí ìjà lórí ìbéèrè mi. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó fi máa di pé omi nìkan ló ń sọ̀kalẹ̀, wọ́n gbé Mẹ̀tírì lọ sí ìhà gúúsù. Ohun burúkú kan ti hù sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ó sì ti pẹ́. Ó kú kí iṣu tuntun tó jáde.

Oògùn wa kọ́ ló gbin nǹkan náà sí i. Dókítà sọ bẹ́ẹ̀, mo sì gbà. Ohun tí oògùn wa ṣe ni pé ó pa iná tí ì bá lé e dé ilé ìwòsàn. Àwọn arákùnrin Mẹ̀tírì wá sí fámásì pẹ̀lú páálí òfìfo lọ́wọ́. Fẹlísì ṣí kàyé níwájú Madáàmù Lúsì. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi ló wà níbẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, torí èmi nìkan ni mo ṣì ń kọ nǹkan sínú rẹ̀, Fẹlísì sì ní ẹni tó ń kọ ọ́ ló ta oògùn náà. Mo sọ ohun tí Fẹlísì sọ fún Mẹ̀tírì lórí káńtà. Fẹlísì ní òun kò rí Mẹ̀tírì lọ́jọ́ náà. Madáàmù wo ojú mi pẹ́, bó ti máa ń ṣe nígbà tí mo bá ń ka ìwé pélébé, ó sì ní kí n lọ máa ṣiṣẹ́ ní yàrá ẹrù. Ọdún mẹ́ta ni mo fi wà láàárín páálí, tí n kò rí ojú aláìsàn kankan. Fẹlísì di ọ̀gá. Títí di òní, bí wọ́n bá pàdé nídìí òkú ní Savalou, ó ń sọ pé Róòsì ló fi jélù sin olùkọ́ Gouka. Fẹlísì, o gbọ́ ohun tí Mẹ̀tírì sọ lọ́jọ́ náà, o sì tún mọ̀ pé mo gbọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ Fẹlísì ni kì í jẹ́ kí n sùn. Lọ́jọ́ tí àwọn arákùnrin yẹn wá, Àlímá bá wọn wá. Kò pariwo. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó wo gbogbo wa nínú ẹ̀wù funfun wa.

"Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé," ó ní, "kò sí ẹni kan nínú yín tó lè sọ fún un pé kì í ṣe iyán mi?"

Mo dá ìwé yìí dúró níbẹ̀ ní ọjọ́ Ajé.

Òní ni Ọjọ́bọ̀. A ti lọ, a sì ti dé.

Àfúsátù, ọmọ àbúrò mi tó ń gbé pẹ̀lú mi láti ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì, ló bá mi lọ sí Párákù. Dókítà náà jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin, ìka rẹ̀ tínrín, ó sì ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó béèrè bó ti pẹ́ tó tí oúnjẹ ti ń há. Àfúsátù dáhùn kí n tó la ẹnu, ó ní ọ̀sẹ̀ méjì, ohun tí mo sọ fún un nìyẹn. Dókítà kò kọ ọ́. Ó yíjú sí mi.

"Màmá, ẹ̀yin ni mo bi."

Okùn náà wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó dúdú, ó ń dán. Mo wò ó. Ó rọrùn láti tún sọ ọ̀sẹ̀ méjì. Bó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì, ó lè jẹ́ nǹkan kékeré. Lọ́kàn mi lọ́hùn-ún, ó dà bí ẹni pé ẹnu mi ló máa pinnu ohun tí wọ́n máa bá nínú mi. Mo mọ̀ pé èrò òmùgọ̀ nìyẹn. Mo ti rí i lójú àìmọye ènìyàn lórí káńtà, mo sì ti jágbe mọ́ wọn.

"Oṣù mẹ́jọ," mo ní.

Àfúsátù yíjú sí mi. Oṣù mẹ́jọ yẹn ni mo fi ń sọ fún un pé ọwọ́ rẹ̀ ti ya ọ̀lẹ. Mo ti dá àwo iyán rẹ̀ padà lójú àlejò. Mo ti rán an lọ sí Savalou nínú oòrùn láti wá lábókò, mo sì tún ní kókó wà nínú ìyẹn náà. Ó sunkún nídìí odó lẹ́ẹ̀kan, mo rí i láti ojú fèrèsé, mo sì ṣe bí ẹni tí kò rí i. Láti òkèlè àkọ́kọ́ tó há ni mo ti mọ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ láti Bantè dé Savalou.

"Tanti," ó ní, "iyán mi kò ní kókó nígbà náà."

"Kò ní," mo ní. "Kò ní kókó rí."

Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé mi wọlé.

Dókítà bá ibì kan níbi tí ọ̀nà ọ̀fun mi ti fún pọ̀ bí ẹnu àpò tí wọ́n fa okùn rẹ̀. Ó ní ó lè jẹ́ àpá iná àtijọ́ lásán, tí wọ́n lè fẹ̀ díẹ̀ díẹ̀. Ó sì lè máà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó gé ẹran díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ti fi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò. Èsì rẹ̀ á gba ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní kí n máa lo jélù mi, kí n máa jẹ ohun rírọ̀, kí n fi bíríkì gbé ìhà orí ibùsùn mi sókè. Ó béèrè bóyá mo mọ bí wọ́n ṣe ń lo jélù náà. Mo ní mo mọ̀ ọ́n.

N kò lè sọ ohun tí èsì náà á jẹ́ fún yín. Bó bá jẹ́ irú ti Mẹ̀tírì, Fẹlísì á gbọ́, á sì sọ ọ́ níbi gbogbo. Ó yẹ kí n lọ sí Gouka lọ bá Àlímá nígbà tí ẹsẹ̀ mi ṣì lè gun alùpùpù. N kò tíì lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí bóyá iṣẹ́ náà dára: ó dára. Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan nínú rẹ̀ tí ẹ lè ní ẹ̀gàn tàbí ìjà pẹ̀lú ẹnìkejì yín lórí káńtà, kí ó má jẹ́ pé aláìsàn ni á ru ẹrù rẹ̀ lọ sílé.

Ní ìrọ̀lẹ́ òní, Àfúsátù gún iyán díẹ̀. Ó fi omi gbígbóná tún un gún títí ó fi rọ̀ bíi àkàsà, ó bu ọbẹ̀ sí i, ó gbé e síwájú mi, kò sì lọ. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń wo ọrùn mi. Mo gé òkèlè kékeré, mo gbé e mì, àwa méjèèjì sì ń dúró kó sọ̀kalẹ̀.